Ìdáhùn Kejì

"Ti ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́," ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wí.

Ìbídùnní ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpótí náà. Inú rẹ̀ tutù. Ohun kan tí kò rí fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́wọ́, ó sì ń gbóòórùn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewúrẹ́ tó ń wá iyọ̀. Yíǹkì ló ń wá, àti ṣọ́ọ̀kì, àti èédú. Lọ́dún tó kọjá, ó rí èédú lábẹ́ èékánná ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adéṣuyì. Ọmọ náà búra pé àgbàdo lòun sun jẹ, ó ní kí wọ́n wá wo kùùkù rẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n àpótí kò mọ àgbàdo, èédú ló mọ̀. Adéṣuyì kò tíì ṣe ìdánwò títí di òní.

Iná àwọ̀ ewé tàn lórí àpótí.

"Ó mọ́," ni ẹ̀ṣọ́ wí. "Máa wọlé. Ọlọ́run á ṣe é."

"Àmín, sà. Ẹ ṣeun."

Ó mọ́ lóòótọ́. Ọdún méjì gbáko ni Ìbídùnní Ọlọ́rundáre ti ń fi ìka yẹn ṣe ìṣirò tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Àpótí náà ì báà gbóòórùn rẹ̀ di ọ̀la, kò ní rí nǹkan kan, torí omi lásán ló fi ń kọ ọ́.

Orí ilẹ̀ tí bàbá àgbà rẹ̀ ń sá kòkó sí ló ti kọ́ ọ. Bó bá di ọ̀sán, tí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ náà gbóná, á ki ìka bọ inú igbá omi, á kọ ìlà kan. Kó tó kọ ìlà kẹta, ìlà àkọ́kọ́ ti gbẹ. Ẹni tó bá ń fi omi ṣe ìṣirò kò lè máa wẹ̀yìn wò. Ohun tó bá ti kọjá, inú orí ló gbọ́dọ̀ wà. Bí ọmọ náà ṣe di olórí pípé nìyẹn. Kì í ṣe ọlá ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n parọ́ fún yín.

Ìwé tó fi ń kọ́ ọ kò ní ẹ̀yìn mọ́. Inú yàrá ẹrù ilé-ẹ̀kọ́ ló ti rí i, lábẹ́ àwọn àga tó ti ṣẹ́, lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí kíláàsì wọn lọ gbálẹ̀ ibẹ̀. Eku ti jẹ igun rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò inú rẹ̀ pé. Ẹnì kan tó lò ó nígbà kan rí ti fi yíǹkì elése-àlùkò kọ ọ̀rọ̀ sí etí ìwé náà káàkiri. "Èyí dùn." "Irọ́ ni, tún un ṣe." Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni: "Má sáré níbí. Wo àmì." Ìbídùnní kò mọ ẹni náà, kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n tó máa ń jágbe mọ́ni.

Àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ girama Òkè-Ẹ̀sun fẹ̀, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n sì fi tẹ́ ẹ láti ògiri dé ògiri. Láàárín rẹ̀ ni òpó Onídàáhùn, ẹ̀rọ tí ìjọba fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè ìlú, dúró sí, tó na pátákó rẹ̀ sí oòrùn bí ẹni sá aṣọ. Òjò ti ń rọ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán ṣì ń ta bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ogójì ló jókòó yí òpó náà ká, kọ́ọ̀bù omi kọ̀ọ̀kan wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò àṣekágbá Ìṣirò Ìjìnlẹ̀, ọ̀fun sì máa ń gbẹ.

Tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Àjíbóyè, dìde, ó wúkọ́.

"Ìbéèrè lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún!"

"Ìdáhùn, ọ̀kan ni!" ni gbogbo wọn gbè.

Láràárọ̀ ni wọ́n ti ń gbè é fún ọdún méjì. Nínú ọdún méjì náà, wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń to ìbéèrè kó má fì sọ́tùn-ún fì sósì, bí a ṣe ń ka gbogbo àmì inú rẹ̀, bí a ṣe ń kí Onídàáhùn, àti bí a ṣe ń gba ìdáhùn láìfajú ro. Ohun tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ wọn ni bí èèyàn ṣe ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí ìdáhùn wà.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ni alábòójútó ìdánwò jókòó sí, Ìyáàfin Morádéyọ̀ Ògúngbé, tí ìjọba rán wá láti olú-ìlú. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, orúnkún ń dùn ún, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Báàjì àyà rẹ̀ ń tàn ní àwọ̀ ewé, èyí tó fi hàn pé ohùn òun àti ti Onídàáhùn ṣọ̀kan. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí lòun náà ti jáde, lọ́dún tí òfin tó ka ìdáhùn kejì léèwọ̀ dé gan-an. Bó bá rántí, kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

Wúràọlá, ọ̀rẹ́ Ìbídùnní, ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ìbéèrè irúgbìn ni wọ́n fún un. Ó kí, ó béèrè, Onídàáhùn sì fèsì ní ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé. Wúràọlá gbé ọwọ́ lé òpó, ó ní, "Mo gbà á." Iná tàn. Kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì.

Ó padà wá jókòó, ó fọwọ́ gbún Ìbídùnní lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ó kàn ọ́. Lọ gba àyè rẹ jàre."

Àyè tó ń wí ni àyè kan ṣoṣo tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Omi ń fi sílẹ̀ fún gbogbo Òkè-Ẹ̀sun lọ́dọọdún. Ẹni tó bá débẹ̀ á di olùtọ́jú adágún. Láti ìgbà tí Ìbídùnní ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí bàbá àgbà rẹ̀ gbé e sí èjìká kó lè rí omi náà láti orí ògiri, ló ti ń fẹ́ iṣẹ́ yẹn. Òun ló ṣáájú nínú kíláàsì. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù kó sọ: mo gbà á.

"Ìbídùnní Ọlọ́rundáre," ni Ìyáàfin Ògúngbé pè. "Ẹni tó ṣáájú ló ń gba ìbéèrè ìlú. Béèrè ọjọ́ tí omi Adágún Òkè yóò kan ìlà pupa, ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀."

 Gbogbo òwúrọ̀ ni Ìbídùnní ti fi ń gbàdúrà pé kí wọ́n fún òun ní ìbéèrè mìíràn, ìbáà ṣe ti koríko etí ọ̀nà. Ó dìde, ó lọ síwájú òpó.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Onídàáhùn. Bí òjò bá ń rọ̀ báyìí lọ, ọjọ́ kelòó láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ni omi Adágún Òkè yóò kan ìlà pupa?"

"Ẹ kú ìdúró," ni òpó náà fèsì. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹwàá ni. Kí àwọn ará Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀, tí ilé wọn wà lábẹ́ ògiri adágún, kẹ́rù jáde ní ọjọ́ kẹsàn-án. Kí wọ́n sì ṣí ẹnu ọ̀nà omi láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá. Ṣé ẹ gbà á?"

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní òjò ni wọ́n ti lẹ ìdáhùn yẹn mọ́ pátákó ìkóríta, kálukú sì ti ń múra sí i. Ìbídùnní náà ì bá gbà á tọkàntọkàn, ká ní kò bá bàbá àgbà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ náà, orí ilẹ̀ kòkó ló wà pẹ̀lú igbá omi rẹ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ adágún tó wà fún gbogbo ènìyàn láti kà ló ń lò: iye omi tí òjò ń gbé wá, èyí tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, iye tó ń jò jáde, àti iye ọkọ̀ òkúta tí wọ́n ti dà sínú adágún láyé àtijọ́ láti fi ti ògiri rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ṣe é títí, mẹ́wàá ló bá níbẹ̀, bíi ti Onídàáhùn gẹ́lẹ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń sọ̀rọ̀ sókè.

"Ọkọ̀ òkúta ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó lé ọgọ́sàn-án," ló ń wí.

Bàbá àgbà rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Baba Dírẹ́bà, ń fi ẹsẹ̀ yí kòkó lápá kejì. Ó dúró. "Ta ló kà á bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Bó ṣe wà nínú àkọsílẹ̀ nìyẹn, Bàbá."

"Àkọsílẹ̀ wa ọkọ̀ ni?" Baba Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo wa ọkọ̀ òkúta yẹn, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi. Bí wọ́n bá ti ra ogún ọkọ̀ níbi ìfọ́kùúta, ọ̀kan á tẹ̀lé e. Èènì ni. Ta ló ń ra ogún nǹkan ní Òkè-Ẹ̀sun yìí tí kì í gba èènì?"

"Wọn ò wá kọ èènì náà sílẹ̀?"

"Kọ kí ni? Ẹ̀bùn ni! Ṣé èèyàn ń kọ ẹ̀bùn sílẹ̀?"

Ìbídùnní jókòó sórí ilẹ̀ gbígbóná, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó gbóná. Ọkọ̀ kan lórí ogún. Igba ó lé mọ́kàndínlọ́gọ́ta ọkọ̀ òkúta ló ń bẹ nísàlẹ̀ omi tí àkọsílẹ̀ kankan kò mọ̀, ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì gba àyè àgbá omi kan. Àyè tó kù fún omi kéré sí èyí tí Onídàáhùn rò. Ó tún ìṣirò náà ṣe kíákíá kí òjò tó dé, ó bá mẹ́jọ níbẹ̀, pẹ̀lú ìrù kékeré kan tó ń wọ́ tẹ̀lé mẹ́jọ náà. Ìrù yẹn kò dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tó dá a lójú ni pé kì í ṣe mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Àjíbóyè. Kó tó la ẹnu, tíṣà náà ti fi ìka dí etí méjèèjì.

"Mi ò gbọ́."

"Mi ò tíì sọ ọ́, sà."

"Ìdí tí mi ò fi gbọ́ nìyẹn. Ojú rẹ ti sọ ọ́. Ìbéèrè tí Onídàáhùn bá ti dáhùn, a kì í tún un bi. Bí mo bá gbọ́, mo ní láti fi ọ́ sùn. Bí mi ò bá sì fi ọ́ sùn..." Ó wo báàjì kékeré tó wà ní àyà tirẹ̀. "Ọmọ mẹ́rin ni mo ní, Ìbídùnní. Jọ̀ọ́."

Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀ lọ́nà ilé. Ọ̀gbẹ́ni Àjíbóyè kọ́ ló ń bínú sí o. Bí ọ̀rọ̀ tó lè pa èèyàn ṣe di ohun tí àgbàlagbà ń fìka dí etí sí, ìyẹn ló ń bí i nínú.

"Ṣé ẹ gbà á?" ni Onídàáhùn tún béèrè.

Ìbídùnní gbé ọwọ́ sókè. Òpó náà wà níwájú rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń dúró dè é. Ó bojú wẹ̀yìn. Wúràọlá ń rẹ́rìn-ín sí i láti orí àga, Wúràọlá tí ilé wọn jẹ́ ilé kẹta láti ìsàlẹ̀ ògiri adágún, tí àbúrò rẹ̀ ìkókó kò tíì ju oṣù méjì lọ. Ìbídùnní sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Mi ò gbà á," ló wí.

 Láti ọdún méjìlélógójì tí òpó yẹn ti ń dúró níbẹ̀, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Ọ̀gbẹ́ni Àjíbóyè fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni pé òun ló sọ ọ́.

"Ó ti rẹ̀ ọ́," ni Ìyáàfin Ògúngbé wí pẹ̀lẹ́. "Mu omi, kí o tún un sọ."

"Kò rẹ̀ mí, mà. Ìdáhùn yẹn kò pé ni. Èènì kò sí nínú rẹ̀."

"Kí ni kò sí nínú rẹ̀?"

"Èènì òkúta, mà. Ọ̀kan lórí ogún. Wọ́n gbà á, wọ́n dà á sínú omi, wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn kó tó rántí ibi tó wà. Àwọn kan wo ara wọn. Ọmọ Òkè-Ẹ̀sun ni gbogbo wọn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìyá rẹ̀ kò tíì rán ní ọjà kó sì kìlọ̀ fún un pé kó má gbàgbé èènì.

"Èènì kò sí nínú àkọsílẹ̀," ni Onídàáhùn wí. "Ìdáhùn kò yí padà."

Ìyáàfin Ògúngbé dìde. Ó di àga mú kó tó lè nà dáadáa nítorí orúnkún rẹ̀, ó wá dúró síwájú Ìbídùnní.

"Èèyàn mélòó ló kú ní Ọjọ́ Ìsáré?"

"Mẹ́tàléláàádọ́rin, mà. Ìyá àgbà mi wà nínú wọn."

"Nígbà náà, ó yẹ kó o mọ̀. Àwọn kan ṣírò ó pé adágún yóò ya lọ́jọ́ náà, àwọn kan ṣírò ó pé kò ní ya. Apá kan ìlú ń sá gòkè, apá kan ń sá sọ̀kalẹ̀ láti lọ kó ẹrù wọn, wọ́n pàdé lórí afárá. Adágún ò ya, ọmọ mi. Ìdáhùn méjì ló pa wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo wà lórí afárá yẹn. Mo gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbídùnní lára. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ń rí ẹni tó wà níbẹ̀ tó sì lè sọ ọ́, torí bàbá àgbà rẹ̀ kì í sọ ọ́. Ẹ̀rù bà á pé bóyá òun ló fẹ́ tún fa afárá mìíràn. Ṣùgbọ́n ó ti ro ọ̀rọ̀ náà lórí ilẹ̀ kòkó fún ọjọ́ pípẹ́, ó sì mọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Ẹ má bínú, mà. Ìdáhùn méjì kọ́ ló pa wọ́n. Ìdáhùn nìkan ni wọ́n fún wọn ni. Kò sẹ́ni tó fi bó ṣe ṣe é hàn wọ́n. Ká ní ìlú rí ìlà kọ̀ọ̀kan, wọn ì bá rí ibi tí ọ̀kan ti ṣìnà, gbogbo wọn ì bá sì gba ojú ọ̀nà kan náà lọ."

"Òfin wà."

"Òfin ní a kò gbọdọ̀ fi ìdáhùn kejì sórí ìwé, sára ògiri, tàbí sẹ́nu, mà. Mo ti kà á tán. Kò dárúkọ ilẹ̀."

Ó gbé kọ́ọ̀bù omi rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì.

"Ìbídùnní Ọlọ́rundáre, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni Onídàáhùn wí, ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Bí ẹ bá fi ìka kan ilẹ̀, àyè yín ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Omi ti bọ́ nìyẹn. A kò ní dá a padà."

Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ ká purọ́, ó dùn ún wọ egungun. Ó rántí èjìká bàbá àgbà rẹ̀, ó rántí omi tó tẹ́ lọ rẹrẹ, ó sì mọ̀ pé bóyá òun kò ní fọwọ́ kan ẹnu ọ̀nà omi yẹn láéláé. Ó ki ìka bọ kọ́ọ̀bù, ó kọ ìlà àkọ́kọ́.

Ìlà náà dúdú lórí sìmẹ́ǹtì funfun, ó tóbi tó ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́rin. Ohun tí òjò ń gbé wá ni, tó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, tí Ìbídùnní wá kó jọ di ohun kan ṣoṣo: iye ọjọ́ náà, ní ìlọ́po ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Oòrùn ti ń lá a láti etí.

"Ó ń gbẹ o!" ni Wúràọlá ké. Ó ti dìde kúrò lórí àga.

"Mo ti mú un," ni ọmọkùnrin kan dáhùn, ó sì dijú, ó ń ka ìlà náà sínú.

Ìlà kejì: omi tó ń jò, àgbá méjìlá lójúmọ́. "Èmi mú ìyẹn." Ìlà kẹta: àyè tí àkọsílẹ̀ ní ó ṣẹ́kù, àgbá ẹgbẹ̀rin ó lé ọgọ́rin. Ìlà kẹrin ni èènì. Nígbà tí wọ́n rí igba ó lé mọ́kàndínlọ́gọ́ta náà lórí ilẹ̀, àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín gbẹ̀ẹ̀, ẹ̀rín àwọn tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé àwọn ni. Gbogbo wọn ti fi àga sílẹ̀. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń fi òjìji bò ó kí omi lè pẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n ń pín ìlà mú láàárín ara wọn. Ìlà karùn-ún: yọ èènì kúrò nínú àyè, ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlélógún ló kù.

Ìbídùnní sáré wọ ìlà kẹfà, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti ń pàdé.  Ó so òjò pọ̀ mọ́ omi tó ń jò, ó dọ́gba pẹ̀lú àyè, ó ti fẹ́ kọ mẹ́jọ pẹ̀lú ìrù rẹ̀ tí kò dára.

"Má sáré níbí. Wo àmì."

Ọ̀rọ̀ náà wá láti òkè orí rẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró gbagidi lórí ilẹ̀. Ó ti kà á nígbà tí kò lóǹkà, ní yíǹkì elése-àlùkò, kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn rí. Ó gbójú sókè. Ìyáàfin Ògúngbé ti tẹ̀ síwájú láàárín àwọn ọmọ náà, ó ń wo ìlà kẹfà bí ẹni tí ebi ń pa ṣe ń wo oúnjẹ. Kò tíì mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀.

"Ìwé yín wà lọ́wọ́ mi, mà," ni Ìbídùnní wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Obìnrin náà fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó gbìyànjú láti mú un dúró, kò ṣeé ṣe.

"Eku ò tíì jẹ ẹ́ tán?"

"Igun rẹ̀ nìkan ni wọ́n jẹ, mà."

"Wo àmì náà, ó ń gbẹ lọ," ni Ìyáàfin Ògúngbé wí, ohùn rẹ̀ sì ti di ti ẹni tó ń jágbe mọ́ni. "Omi tó ń jò, ṣé ó ń wọlé ni àbí ó ń jáde?"

Ìbídùnní wò ó. Ó ń jáde! Ó ti fi omi tó ń jò kún un níbi tó ti yẹ kó yọ ọ́ kúrò. Láti orí ilẹ̀ kòkó lọ́jọ́ tí òjò ń lé e ló ti ṣe àṣìṣe náà, ó sì gbé e sórí wá títí di òní. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu àmì náà, ó kọ àmì ìyọkúrò. Mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ó lé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Yọ ohun tó jò ní ọjọ́ mẹ́sàn-án kúrò, mẹ́jọlélọ́gọ́rùn-ún. Ẹgbẹ̀ta ó lé mọ́kànlélógún ló kù, géérégé. Ìrù náà ti gé kúrò.

"Mẹ́sàn-án," ni Wúràọlá wí. Ẹnu ló fi sọ ọ́, sókè, lójú Onídàáhùn. Lẹ́yìn náà ló yé e. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án. À á ṣì máa kẹ́rù lọ́wọ́ nílé. Wọn ò sì ní tíì ṣí ẹnu ọ̀nà omi."

Báàjì àyà Ìyáàfin Ògúngbé pọ́n. Ó wò ó, ó yọ ọ́, ó fi í sórí àga tó ti dìde kúrò.

"Ìdáhùn ọ̀kan ni," ni Onídàáhùn wí. "Mẹ́wàá ni. Ọ̀gbẹ́ni Àjíbóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ìdáhùn kejì kúrò nílẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Àjíbóyè mú àkísà. Ó wá sáàárín àwọn ọmọ náà, wọ́n sì yà fún un, torí tíṣà wọn ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Sìmẹ́ǹtì funfun ni, ó gbẹ láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Lórí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kàndínlógójì ń ka ìlà wọn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí wọ́n má baà gbàgbé, ìkíní ń tọ́ ìkejì sọ́nà, ìkejì ń tọ́ ìkẹta.

"Kí ni kí n nù?" ni Ọ̀gbẹ́ni Àjíbóyè bi òpó náà.

Onídàáhùn kò dáhùn.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ti fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀, ó ti wọlé wá. Ó ṣí fìlà, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ọjọ́ kelòó lẹ ní? Ìsàlẹ̀-Ẹrẹ̀ nilé èmi náà. Ìyá mi ò lè rìn." Ìbídùnní fẹ́ dá a lóhùn, ẹ̀ṣọ́ náà na ọwọ́ dá a dúró. "Rárá, má sọ ọ́ fún mi. Wọ́n sọ ọ́ fún bàbá mi nígbà yẹn. Fi hàn mí."

Ìbídùnní wo inú kọ́ọ̀bù rẹ̀. Omi rẹ̀ ti tán.

Ọ̀gbẹ́ni Àjíbóyè ju àkísà sílẹ̀. Ó lọ sídìí àga rẹ̀, ó gbé kọ́ọ̀bù omi tirẹ̀, tó kún dé ẹnu, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ọmọ náà. Ìbídùnní ki ìka bọ̀ ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́.